Premchand: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń béèrè jù nípa ẹ̀, àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá nípa Premchand, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìtàn ẹ̀ kan lédè òyìnbó tí wọ́n wá fẹ́ mọ irú èèyàn tó kọ ọ́, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ń fa àríyànjiyàn ló wà nísàlẹ̀.

Ta ni Premchand gan-an?

Òǹkọ̀wé ará Íńdíà ni, ìtàn àròsọ ló ń kọ, èdè Hindi àti Urdu ló sì fi kọ ọ́. Wọ́n bí i lọ́jọ́ 31 oṣù Keje 1880 ní Lamhi, abúlé kan tí kò jìnnà sí Banaras, ìlú tí wọ́n ń pè ní Varanasi báyìí. Banaras náà ló kú sí lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹwàá 1936, ọmọ ọdún 56 péré. Ìtàn kúkúrú tó kọ tó nǹkan bí 300, ìwé ìtàn gígùn tó bíi méjìlá, ká má tíì ka àròkọ, eré orí ìtàgé àti lẹ́tà.

Àwọn tó ń ka Hindi máa ń pè é ní Upanyas Samrat, ọba àwọn tó ń kọ ìtàn gígùn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìtàn ọba, idán àti àǹjọ̀nnú ló kún inú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn èèyàn ń fi gbádùn ara wọn, òun náà sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ nígbà tó wá di ọwọ́ tirẹ̀, àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè, opó, akọ̀wé tí owó oṣù ẹ̀ kì í tó ná, ẹni tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan kànga, àwọn wọ̀nyẹn ló gbé sí àárín ìtàn, kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí tí mo fi nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Ṣé orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ ni Premchand?

Rárá o. Dhanpat Rai Srivastava lorúkọ ẹ̀. Nawab ni wọ́n máa ń fi pè é nínú ẹbí, Nawab Rai ló sì kọ́kọ́ fi ń kọ̀wé. Ní 1908 ó kó ìtàn márùn-ún jọ ní Urdu, ìtàn nípa ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni, ó sọ ọ́ ní Soz-e-Watan, bẹ́ẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso nígbà yẹn, ìjọba yẹn náà ló sì ń san owó oṣù fún un, torí ó ń bá wọn bẹ ilé ìwé wò káàkiri àgbègbè Hamirpur.

Bó ṣe sọ ọ́ fúnra ẹ̀, òyìnbó tó jẹ́ olórí àgbègbè yẹn ránṣẹ́ pè é lálẹ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ màlúù títí ó fi débẹ̀, ó bá ìwé náà lórí tábìlì ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ìtàn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá náà wá sọ fún un pé kó dúpẹ́ pé abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wà, ká ní ayé àwọn ọba Mughal tó ṣàkóso Íńdíà ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì ni, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ni wọn ì bá gé. Gbogbo èyí tí wọn ò tíì tà nínú ìwé náà ni wọ́n gbà tí wọ́n dáná sun, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan jáde mọ́ àyàfi tó bá kọ́kọ́ gbé e wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní ẹbí lọ́rùn ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ fi kíkọ sílẹ̀ náà. Daya Narain Nigam, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Zamana ní Kanpur, ló bá a wá orúkọ tuntun, Premchand, 1910 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń pè é ní Munshi Premchand?

Òun fúnra ẹ̀ kì í fi Munshi síwájú orúkọ ẹ̀ tó bá kọ nǹkan. Oyè ọ̀wọ̀ ni fún akọ̀wé àti tíṣà, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn Kayastha, ìran akọ̀wé tó ti wá. Ọ̀pọ̀ tún ń sọ pé ìwé ìròyìn ẹ̀ Hans ló fà á, torí nígbà kan òun àti òǹkọ̀wé míì, K. M. Munshi, jọ jẹ́ olóòtú, orúkọ méjèèjì wà lójú ìwé pọ̀, àwọn òǹkàwé wá kà á pọ̀ bí orúkọ ẹnì kan. Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá yín jà.

Báwo ni ìgbà èwe ẹ̀ ṣe rí?

Bàbá ẹ̀ ń ṣe akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn ò lówó, wọn ò sì tòṣì ju gbogbo ará abúlé lọ. Ìdílé Híńdù ni wọ́n àmọ́ ilé kéú ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, lọ́dọ̀ àáfà kan lábúlé ìtòsí, ibẹ̀ ló ti kọ́ Urdu àti Persia, bí àwọn Kayastha ṣe máa ń ṣe nígbà yẹn. Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ, bàbá ẹ̀ fẹ́ ìyàwó míì, àárín òun àti ìyàwó bàbá ẹ̀ ò sì gún rárá. Ẹ máa rí ọmọ aláìníyàá àti ìyàwó bàbá nínú ìtàn ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ mọ ibi tó ti wá.

Ní Gorakhpur ló ti di ẹni tó ń ka ìwé bí ẹni tí ebi ń pa. Kò lówó tó máa fi rà á, ló bá bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ìwé ṣe àdéhùn pé òun máa bá a ta ìwé àlàyé ìdánwò fún àwọn ọmọ kíláàsì òun, kí onítọ̀hún jẹ́ kí òun máa kó ìwé ìtàn lọ sílé lọ kà.

Wọ́n fẹ́ ìyàwó fún un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15. Kò pẹ́ púpọ̀ bàbá ẹ̀ kú, gbogbo ilé wá di ẹrù ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì jáde ìwé mẹ́wàá. Ó ń kọ́ ọmọ lẹ́sìnnì fún rúpì (owó Íńdíà) márùn-ún lóṣù, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sílé. Ìgbà kan wà nínú òtútù tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ó kó ìwé ìdáhùn ìṣirò kan tó ra ní rúpì méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, rúpì kan ni wọ́n san fún un. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ló ti bá ọ̀gá ilé ìwé kan pàdé tó ń wá tíṣà, bó ṣe di tíṣà ní Chunar nìyẹn ní 1899, rúpì 18 lóṣù.

Ṣé ìwé kíkọ ló fi ń jẹun?

Fún ọdún tó lé ní 20, iṣẹ́ tíṣà ló fi ń jẹun. Chunar, Bahraich, Pratapgarh, Kanpur, Hamirpur, Basti, Gorakhpur, ibi tí ìjọba bá gbé e lọ náà ló ń lọ. Ìṣirò fìyà jẹ ẹ́ débi tó fi fìdí rẹmi nínú ìdánwò tó tẹ̀ lé ìwé mẹ́wàá léraléra, ìgbà tí wọ́n sọ pé ìṣirò kì í ṣe dandan mọ́ ló tó yege, 1919 ló sì gba oyè BA, ó ti lé ní 38 ọdún.

Ní oṣù Kejì 1921 Gandhi, olórí àwọn tó ń jà fún òmìnira Íńdíà, wá sọ̀rọ̀ ní Gorakhpur, ó ní kí àwọn èèyàn kọ iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Premchand wà láàárín èrò, ara ẹ̀ ò sì yá dáadáa lásìkò yẹn, ó láwọn ọmọ kékeré nílé, ìyàwó ẹ̀ lóyún. Òun àti ìyàwó ẹ̀ jọ rò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kà á bí nǹkan kékeré, owó ìfẹ̀yìntì àti gbogbo ohun tó ti fi ọmọdé ẹ̀ wá ló jù sílẹ̀ yẹn.

Ní 1923 ó dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Banaras, Saraswati Press, ó sì dá Hans sílẹ̀ ní 1930, lẹ́yìn ìyẹn ó tún gba ìwé ìròyìn míì, Jagaran, kún un. Kàkà kí wọ́n mówó wá, wọ́n ń gbé owó lọ ni. Owó tó bá rí nídìí ìwé, inú másíìnì ló ń bọ́ sí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé bàtà ẹ̀ ya?

Fọ́tò kan wà, òun àti ìyàwó ẹ̀ ni, ó dé fìlà, ó wọ ẹ̀wù àti dhoti, aṣọ tí wọ́n ń ró mọ́ ìdí, bàtà kánfáàsì ẹ̀ lápá òsì sì ní ihò tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ jáde níbẹ̀. Harishankar Parsai, òǹkọ̀wé Hindi, kọ àròkọ kan lórí bàtà yẹn tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ọ̀pọ̀ èèyàn sì mọ bàtà yẹn ju ìwé lọ.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má gbọ́ pé ó tòṣì bíi Hori tàbí Halku tó wà nínú ìtàn ẹ̀. Ó ń gba owó oṣù, ó ní ilé ìtẹ̀wé, ó kọ́lé sí Lamhi, àwọn tó ti lọ wo ìwé ìṣirò owó ẹ̀ sì ti jiyàn ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní Íńdíà. Lójú tèmi, gbèsè ló mọ̀, kì í ṣe ebi. Ó mọ bí ọkàn ẹni tó jẹ gbèsè ṣe ń rò láàárọ̀, ohun tó sì jẹ́ kí àwọn olówó èlé inú ìwé ẹ̀ rí bí èèyàn gidi nìyẹn.

Hindi ló fi kọ ọ́ ni àbí Urdu?

Méjèèjì. Lẹ́nu, èdè méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹni tó ń sọ̀kan ń gbọ́ èkejì lọ́jà, àmọ́ Urdu ní lẹ́tà tó jọ ti Lárúbáwá, láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kọ ọ́, Hindi ní lẹ́tà Devanagari, láti òsì sí ọ̀tún. Urdu ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di nǹkan bí 1914 sí 1915 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí Hindi.

Ọ̀rọ̀ owó àti ẹni tó máa tẹ ìwé wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ wo ìwé ìtàn gígùn ẹ̀, Seva Sadan. Urdu ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, orúkọ ẹ̀ ni Bazaar-e-Husn, kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́. Ó yí i sí Hindi, wọ́n gbé e jáde ní Kòlìkátà ní 1919, rúpì 450 ni wọ́n san fún un, ìwé náà sì tà. Ti Urdu ò jáde àfi 1924, ní Lahore, rúpì 250. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé mọ ibi tó máa lọ.

Kò pa Urdu tì ṣá o, títí tó fi kú ló ń kọ ọ́ ní méjèèjì, tàbí kó kọ ọ́ sí ọ̀kan kó yí i sí èkejì. Bó bá sì ń yí i, ó máa ń tún ìtàn náà ṣe ni, ó lè yọ gbólóhùn kan, ó lè fi òmíràn sí i. Torí náà tí ìtàn tí ẹ kà bá yàtọ̀ díẹ̀ sí tẹlòmíì, ẹ wò ó bóyá inú Hindi ni olùtúmọ̀ ti mú tiyín tàbí inú Urdu.

Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi Idgah bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni, gbogbo ọmọdé abúlé ń lọ sí yídì, Hamid náà ń lọ, ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún tí bàbá àti ìyá ẹ̀ ti kú, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ àgbà, Ameena. Páísà (owó wẹ́wẹ́) mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ra ọlọ́pàá amọ̀, lọ́yà amọ̀, wọ́n ra nǹkan dídùn, wọ́n ń jẹ ẹ́ lójú ẹ̀. Hamid dé ibi tí wọ́n ti ń ta irin, ó rí ẹ̀mú, ó rántí pé iná máa ń jó ìyá àgbà níka tó bá ń yọ róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, kúrò lórí agbada. Ó ná an láti páísà mẹ́fà títí wọ́n fi gbà á ní mẹ́ta, ó gbé ẹ̀mú lé èjìká bí ìbọn, ó ń lọ sílé. Nígbà tí Ameena rí i, ó kọ́kọ́ bínú pé ọmọ yìí ò jẹ ò mu láti àárọ̀, ẹ̀mú ló wá rà. Ẹ lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó gbọ́ ìdí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ka ìyẹn, ẹ bọ́ sórí Poos ki Raat. Halku ti fi ìyà tọ́jú rúpì mẹ́ta láti ra kúbùsù torí òtútù, olówó dé sẹ́nu ọ̀nà, owó lọ. Ó wá lọ ń ṣọ́ oko lóru òun àti ajá ẹ̀ Jabra, òtútù mú wọn débi tó fi gbá ajá mọ́ra, ó lọ kó ewé máńgòrò tó ti gbẹ, ó dáná yá. Nígbà tí ẹran ìgbẹ́ wọ oko, ajá ń gbó, Halku ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, kò dìde. Ilẹ̀ mọ́, oko ti bàjẹ́, ìyàwó ẹ̀ ń banú jẹ́, òun ní ó kúkú dáa, òun ò ní sùn nínú òtútù níbẹ̀ mọ́. Kò tó ojú ìwé mẹ́wàá. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ohun tí gbèsè àti ìṣákọ́lẹ̀ ń ṣe fún ọkàn àgbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Godaan ńkọ́? Wọ́n ní òun ló dáa jù.

Òun ló dáa jù lóòótọ́, 1936 ló jáde, oṣù díẹ̀ kó tó kú. Hori, àgbẹ̀ abúlé Belari, fẹ́ ní màlúù kan lójú agbo ilé ẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí i gbà láwìn lọ́wọ́ Bhola darandaran. Àbúrò ẹ̀ Hira jowú, ó fún màlúù ní májèlé. Ọmọ ẹ̀ Gobar fún ọmọ Bhola tó jẹ́ opó lóyún, ó sá lọ sí ìlú, Hori àti ìyàwó ẹ̀ Dhania ò lé ọmọbìnrin yẹn, àwọn àgbà abúlé wá bu owó ìtanràn lé wọn. Láti ibẹ̀ lọ, gbèsè ń gorí gbèsè, títí àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ fi di ẹni tó ń gbé òkúta lójú ọ̀nà fún owó iṣẹ́ òòjọ́.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn orí ìwé tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Lucknow lé yín sá, àwọn olówó àti ọ̀mọ̀wé ń sọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ó ń fà díẹ̀, mo gbà. Dhania ni kẹ́ ẹ máa wò. Nígbà tí Hori ń kú lọ tí wọ́n ní kó fi màlúù tọrẹ fún àlùfáà bí ẹ̀sìn ṣe sọ, ánà (owó wẹ́wẹ́) 20 tí Dhania rí níbi okùn tó hun tà ló mú wá, ó ní kò sí màlúù nílé, kò sí owó, èyí náà ni màlúù tí òun ní.

Ṣé wọ́n ti fi ìwé ẹ̀ ṣe fíìmù?

Wọ́n ti ṣe é dáadáa. Satyajit Ray ṣe Shatranj ke Khilari ní 1977, ìtàn àwọn ọlọ́lá Lucknow méjì tí wọ́n ń ta ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gba ìjọba Awadh lọ́wọ́ ọba wọn ní 1856, ohùn Amitabh Bachchan tí gbogbo wa mọ̀ ló ń sọ ìtàn níbẹ̀. Nínú ìwé, àwọn méjèèjì fa idà yọ, wọ́n pa ara wọn, Ray ò jẹ́ kí wọ́n kú. Ó tún ṣe Sadgati ní 1981 fún tẹlifíṣàn, Om Puri àti Smita Patil wà níbẹ̀, ẹ má retí orin àti ijó o. Mrinal Sen fi ìtàn ẹ̀ Kafan ṣe Oka Oori Katha lédè Telugu ní 1977, Godaan náà sì di fíìmù ní 1963.

Òun fúnra ẹ̀ lọ sí Bombay ní 1934, ilé iṣẹ́ fíìmù kan fẹ́ máa san rúpì 8,000 fún un lọ́dún. Ó kọ Mazdoor, nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ, wọ́n sì fòfin dè é ní Bombay. Kò ju 1935 tó fi padà sílé, kò fẹ́ràn bí àwọn onífíìmù ṣe ń lo ìtàn.

Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́?

Shivrani Devi. Opó ni nígbà tí Premchand fẹ́ ẹ ní 1906, wọ́n ti fún un lọ́kọ lọ́mọdé ọkọ sì ti kú, nígbà yẹn sì rèé, àwọn Híńdù ìran gíga ò gbà kí opó lọ́kọ míì. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín fún ìyẹn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó àkọ́kọ́ ṣì wà láyé nílé bàbá ẹ̀, wọn ò gbé pọ̀ mọ́, kò sì padà mú un wá sílé. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ ká máa fò ó.

Shivrani fúnra ẹ̀ kọ ìtàn, ó jáde lọ bá àwọn obìnrin dènà ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ òyìnbó, wọ́n sì tì í mọ́lé torí ẹ̀. Ní 1944 ó kọ Premchand Ghar Mein, nípa ọkọ ẹ̀ nínú ilé, bí wọ́n ṣe ń jiyàn, bó ṣe ń bá a wí. Ọmọ wọn Amrit Rai náà kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá ẹ̀, Kalam ka Sipahi, ní 1962. Ìwé ọmọ kún jù, àmọ́ inú tìyá ni mo ti ń gbóòórùn ọkùnrin náà.

Ọmọlẹ́yìn Gandhi ni àbí kọ́múníìsì?

Ìgbà tó kọ ọ́ ló máa sọ. Nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́, ọkàn onílẹ̀ burúkú lè yí padà lójú ìwé tó kẹ́yìn, gbogbo nǹkan á sì tòrò. Gandhi hàn níbẹ̀. Nígbà tó fi di 1930 sókè, kò gba irú ìparí bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́: Halku ò rí kúbùsù, Hori ò rí màlúù, Dukhi inú Sadgati kú síbi tó ti ń la igi fún àlùfáà láìjẹun, kò sí ẹni tó ronú pìwà dà. Àwọn ìtàn wọ̀nyí ló lágbára jù lójú mi.

Ní oṣù Kẹrin 1936 òun ló jẹ́ alága ìpàdé àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Òǹkọ̀wé Onítẹ̀síwájú ní Lucknow, ó ní àwọn òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ yí ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹwà padà, kí ẹwà má jẹ́ ti olówó nìkan. Kò wọ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì.

Kí ló dé tí àwọn Dalit kan fi ń bínú sí i?

Dalit ni àwọn tí ètò ìran àwọn Híńdù tì sísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ní fífọwọ́ kàn wọ́n jẹ́ èérí. Premchand kọ nípa wọn kí ọ̀pọ̀ tó kọ ọ́. Nínú Thakur ka Kuan, Gangi lọ fa omi lóru ní kànga ọlọ́lá fún ọkọ ẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ẹ̀rù bà á, korobá já bọ́, ó sáré padà délé, ó bá ọkọ ẹ̀ tó ń mu omi rírùn. Ẹni tó bá ka ìyẹn ò ní sọ pé ẹni tó kọ ọ́ kórìíra wọn.

Kafan ni ìjà wà. Ghisu àti ọmọ ẹ̀ Madhav jókòó síwájú ilé, wọ́n ń sun ọ̀dùnkún jẹ, ìyàwó Madhav ń rọbí nínú ilé, ó ń kú lọ, kò sí èyí tó fẹ́ wọlé lọ wò ó torí ó ń bẹ̀rù pé èkejì á jẹ ọ̀dùnkún tán. Obìnrin náà kú. Wọ́n tọrọ owó aṣọ òkú káàkiri, wọ́n kó rúpì márùn-ún jọ, wọ́n sì fi mu ọtí. Premchand sì dárúkọ ìran wọn, Chamar. Àwọn Dalit bèèrè pé kí ló dé tó jẹ́ àwa ló fi ṣe ọ̀lẹ àti òǹrorò, tó sì jẹ́ pé ìran gíga lòun fúnra ẹ̀ ti wá. Ní 2004, ní Delhi, àwọn kan nínú wọn jó ìwé ìtàn gígùn ẹ̀, Rangbhumi, níta gbangba torí bó ṣe ń lo orúkọ ìran náà fún Surdas, afọ́jú tó jẹ́ akọni ìwé yẹn.

Èmi ò fara mọ́ iná, mo sì ka Kafan sí ìtàn nípa ohun tí iṣẹ́ tí kò lérè ń sọ èèyàn dà, òǹkọ̀wé náà sọ ọ́ níbẹ̀ pé láwùjọ tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kára ò sàn ju àwọn méjì yìí lọ, kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kú nínú ilé yẹn ò sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, igbe ẹ̀ nìkan là ń gbọ́, ẹ̀sùn yẹn ò sì ní ìdáhùn lọ́wọ́ mi. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ wá ka Joothan tí Omprakash Valmiki kọ jáde ní 1997 nípa ìgbà èwe tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Dalit, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì torí ìran tí wọ́n bí i sí.